Kọ̀ǹpútà Ẹlẹ́ńjìnnì

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Ẹlẹ́ńjìnnì níbikíbi, ọ̀rọ̀ fíríìjì ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́, ká gbé e kúrò lọ́nà. Ọ̀sán Sátidé kan ni, oòrùn ń mú gan-an. Ìyá Ìbejì, aya rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ibi iṣẹ́ dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, omi tútù nìkan ló sì ń rò bọ̀ lójú ọ̀nà. Ó wọ ilé ìdáná, ó bá ọkọ rẹ̀ níwájú fíríìjì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọkùnrin náà ti gbé àga síbẹ̀. Ó wọ súwẹ́tà, ó fi aṣọ ìnura wé ọrùn, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sí orí pẹpẹ àárín, ó na ọwọ́ méjèèjì sínú òtútù, ó sì ń yàwòrán ilé lọ. Ìgò omi, ẹyin àti kábéèjì wà nílẹ̀, wọ́n ń làágùn.

Ìyá Ìbejì dúró, kò pariwo. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bó bá ti dákẹ́ báyẹn, ọ̀rọ̀ ti kọjá ariwo.

"Bàbá Ìbejì, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń ṣiṣẹ́."

"Nínú fíríìjì?"

"Èmi kọ́ ni mo wà nínú fíríìjì, kọ̀ǹpútà ni. Jọ̀ọ́, bá mi fa ilẹ̀kùn yẹn mọ́ra díẹ̀, òtútù ń jáde."

Ó wá fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé kọ̀ǹpútà òun máa ń gbóná, fáànù inú rẹ̀ a sì máa ké, bó bá wá ké títí tó sú u, a kú pii, a sì gbé iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òun ti gbé e sínú òtútù, kò tíì ké rárá. Òótọ́ ni, kọ̀ǹpútà náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Fíríìjì ló wá ń ké ní tirẹ̀, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì níbi tó ti ń gbìyànjú láti mú gbogbo ilé ìdáná tutù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ti kú. Fíríìjì ni.

Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí ènìyàn fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹni tó ti lọ. Àmọ́ ti Ẹlẹ́ńjìnnì, ibòmíràn wo lèèyàn fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀? Àní níbi tí wọ́n ti ń sin ín, ẹnì kan mẹ́nu kan kábéèjì, a sì rí àwọn tó ń sunkún tí èjìká wọn ń mì lọ́nà mìíràn.

Ayàwòrán ilé ni. Àwọn tó fẹ́ kọ́lé á wá sí ọ́fíìsì wọn, wọn á sọ iye yàrá tí wọ́n fẹ́ àti ibi tí wọ́n fẹ́ kí oòrùn gbà wọlé, òun á sì yà á. Ọ́fíìsì yẹn náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́ńjìnnì. Bó bá ti ṣí àwòrán ńlá, fáànù inú kọ̀ǹpútà yẹn á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, á sì wá ké débi pé ẹni méjì tó jókòó ti ara wọn kò ní gbọ́ ara wọn mọ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ọ́fíìsì ń ṣàlàyé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún obìnrin oníbàárà kan nígbà tí fáànù bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà gbé orí sókè, ó tẹ́tí, ó ní kí wọ́n má bínú, òun sá aṣọ sílẹ̀ nílé, òjò ti ń bọ̀. Kí ọ̀gá tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń sáré lọ lábẹ́ oòrùn.

Ọ̀gá ní kó gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú oníbàárà. Wọ́n fún un ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ń kó bébà àtijọ́ sí, wọ́n rò pé ojú á tì í, á sì gba kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n rà fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ojú kò tì í. Ó gbá yàrá náà mọ́, ó gbé tábìlì rẹ̀ síbẹ̀, ó sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé, "Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ẹ kanlẹ̀kùn kíkankíkan."

Àwọn kan ní ahun ló ń ṣe é, wọ́n parọ́ mọ́ ọn. Àwọn ìbejì rẹ̀, tí wọ́n ti dàgbà tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ti fi kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́ sí i, èyí tó fẹ́lẹ́ tí kì í mí rárá. Ó kí wọn, ó gbàdúrà fún wọn, ó sì gbé e lé orí bébà kí afẹ́fẹ́ má baà gbé bébà lọ. Ohun tó fà á kò ṣòro. Ètò ìyàwòrán tó wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn ti pẹ́ débi pé kò sí kọ̀ǹpútà tuntun tó gbà á mọ́, ohun tí wọ́n bá sì fi yà kò ṣeé ṣí níbòmíràn. Ojú rẹ̀ náà ti ń ṣe bàìbàì. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà nínú ètò yẹn, bí onílé ṣe mọ ọ̀nà balùwẹ̀ rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Bí wọ́n bá gba ètò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ilé kan sì wà nínú kọ̀ǹpútà náà tí kò tíì parí. Ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin ni.

Aránṣọ ni a máa ń pe àbúrò yìí, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ló sì fi ń ṣe é. Àìsàn ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ láti kékeré. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gùn lọ sí ilé ìwé, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ló gùn lọ kọ́ṣẹ́, títí ìbàdí ẹ̀gbọ́n fi ní òun ò gbà mọ́. Lẹ́yìn náà ó rí àga onítáyà tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ilé tó ń gbé ga, ẹnu ilẹ̀kùn sì há. Bó bá fẹ́ jáde, àwọn aládùúgbò ló ń gbé e. Bó bá fẹ́ wọlé, bákan náà ni. Wọn kì í kanra mọ́ ọn, inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é. Aránṣọ kì í ráhùn, àfi ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ kí i, tó sì ń rán etí aṣọ kan lọ láìgbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ ń yàwòrán ilé fún gbogbo ayé," ó ní. "Èmi ò tíì wọ ilé kankan rí láyé mi. Wọ́n máa ń gbé mi wọ̀ ọ́ ni."

Ẹlẹ́ńjìnnì, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, dìde, ó fi ọwọ́ wọn ìbú ẹnu ilẹ̀kùn náà. Ilẹ̀ kan wà tí àwọn òbí wọn fi sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì, lẹ́bàá ọ̀nà tó tẹ́jú. Ó lọ sílé lọ́jọ́ náà, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ilé tí kò ní àtẹ̀gùn. Kò sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ọkàn òun ti ń rẹ̀, àti pé dókítà ti ní kí òun dín iṣẹ́ kù. Ìyá Ìbejì nìkan ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi lu ẹnikẹ́ni nítorí fíríìjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù ú.

Kò sí ẹni tó yàwòrán ilé bẹ́ẹ̀ rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó yá àga onítáyà kéékèèké tí ọ̀gá rẹ̀ fi ń yí kiri ní ọ́fíìsì, ó gbé e wálé, ó jókòó sínú rẹ̀, ó sì kéde pé òun kò ní ẹsẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí àbúrò rẹ̀ mọ̀. Ó mú igi ìgbálẹ̀, ó fi ń wa ara rẹ̀ kiri bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ó kọlu ògiri, ó há sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ kò tó pẹpẹ tí ife wà. Wọ́n máa ń ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ó ní òun ti wá rí i báyìí pé pẹpẹ tí ọwọ́ àgbà náà kò bá tó, káfíńtà ló jẹ̀bi.

Bàbá onílé wọlé bá a nínú ipò yìí. Àgbàlagbà ọlọ́kàn tútù ni, ojú ẹsẹ̀ ni omi lé sí i lójú. Ó di ọwọ́ Ẹlẹ́ńjìnnì mú.

"Áà, ọmọ mi. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"

"Àárọ̀ yìí ni, bàbá."

"Kí wá ni dókítà sọ?"

"Kò sí ohun tí dókítà lè ṣe sí i, bàbá. Ilẹ̀kùn yín ló kéré jù."

Bàbá onílé kò gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ó ti ń nu ojú jáde lọ. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo òpópónà ti ń wọlé wá kí Ìyá Ìbejì kú ìrọ́jú. Ìyá Ìbejì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó sì ní ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é, ẹsẹ̀ kọ́ ni, orí ni.

Lẹ́yìn èyí ni Ẹlẹ́ńjìnnì padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó fẹ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ Aránṣọ, ó sọ gbogbo pẹpẹ kalẹ̀. Ó ń ya ọwọ́ ilẹ̀kùn lọ́wọ́ nígbà tí fáànù ké títí, tí kọ̀ǹpútà sì kú. Ó lu tábìlì, ó kígbe pé, "Ìwọ náà!" Gbogbo ilé mọ igbe yẹn. Bí kọ̀ǹpútà bá ti kú, igbe náà á tẹ̀lé e, bí àmín ṣe ń tẹ̀lé àdúrà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi aṣọ nù ún, tí yóò bẹ̀ ẹ́, tí yóò jẹ́ kó sinmi, kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé ìyọnu lásán ni fáànù náà jẹ́ fún aráyé, obìnrin kan wà ní ìsàlẹ̀ ilé wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìkókó náà kì í sùn. Lọ́jọ́ kan ìyá rẹ̀ gbé e gòkè wá tọrọ àforíjì pé igbe ọmọ òun ń dí wọn lọ́wọ́. Bó ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ni fáànù kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà sì dákẹ́, ó mí kanlẹ̀, ó sùn. Ìyá ọmọ wo ọmọ, ó wo kọ̀ǹpútà, ó sì jókòó sílẹ̀, òun náà sùn. Láti ọjọ́ náà ni Ẹlẹ́ńjìnnì ti di olùtọ́jú ọmọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ó ní. Ó sì mọ ìwọ̀n tó yẹ. Bí igbe ọmọ bá kéré, á ṣí àwòrán ilé oníyàrá méjì. Bí eyín bá ń hù lẹ́nu ọmọ, ilé ìwòsàn alájà mẹ́ta ló ń ṣí, pẹ̀lú gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ tó wá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kú ṣáá kí ó tó ya ògiri kan tán, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Onígíláàsì. Obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní igun òpópónà ni, awò ojú rẹ̀ nípọn, ahọ́n rẹ̀ sì mú. Ó ní kí Ẹlẹ́ńjìnnì fi í sílẹ̀, kó padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ẹlẹ́ńjìnnì fa àga, ó jókòó. "Bí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín yín, ṣé ẹ máa ń fi ẹnu sílẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣègùn kí ẹ máa lọ sílé?"

Kò kúrò níbẹ̀. Gbogbo síkúrù tí Onígíláàsì yọ ló ń ṣọ́, bí aláìsàn mìíràn bá sì dé, òun ló ń sọ fún wọn pé dókítà wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí obìnrin náà ṣí ìdí kọ̀ǹpútà tán, ó fi ohun tín-ín-rín kan wọ́ eruku jáde lẹ́nu fáànù, ó ti dì bí òwú. Ó bi í léèrè ibi tó máa ń gbé kọ̀ǹpútà náà lé bó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́ńjìnnì fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé òun kì í fi ìyà jẹ ẹ́, orí ìrọ̀rí ni òun máa ń gbé e lé, kó lè nà sinmi.

"Ẹ ti ń fi ìrọ̀rí bò ó nímú láti ọjọ́ yìí wá," Onígíláàsì sọ. "Ìsàlẹ̀ ló ti ń fa afẹ́fẹ́ tútù, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń tú ooru jáde. Fáànù tí ẹ ń bú yìí, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ yín."

Ó ní kí ó máa gbé ìdí rẹ̀ sókè kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ó sì kìlọ̀ fún un pé fáànù náà ti jẹ, apá kan ti kán nínú rẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Ẹlẹ́ńjìnnì gba àmọ̀ràn náà tọkàntọkàn. Ó lọ sílé, ó kó ife tánganran tí Ìyá Ìbejì tọ́jú de àlejò, ó dojú wọn délẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà lé wọn lórí. Nígbà tí àwọn àlejò dé láti ibi iṣẹ́ aya rẹ̀, inú ike ni wọ́n ti mu tíì. Ẹlẹ́ńjìnnì ní kí wọ́n má bínú, kọ̀ǹpútà ló ń lo ife.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Onígíláàsì wọ ibòmíràn nínú rẹ̀. Ó rántí yàrá tí àbúrò rẹ̀ ń ránṣọ nínú rẹ̀, bó ṣe máa ń gbóná lọ́sàn-án, fèrèsé kan ṣoṣo tó wà lókè, tí ọwọ́ Aránṣọ kò tó láti ṣí. Ẹlòmíràn á dìde lọ sábẹ́ igi. Aránṣọ á jókòó síbi tí wọ́n gbé e sí, á máa làágùn sórí aṣọ oníbàárà, á máa dúró de ẹni tó máa kọjá. Bí Ẹlẹ́ńjìnnì ṣe ń rò ó, ojú tì í. Ilé tó yà fún àbúrò rẹ̀ ní ilẹ̀kùn tó dára, ṣùgbọ́n kò ní ibi tó ń gbà mí. Ó tún gbogbo fèrèsé rẹ̀ yà. Ó mú ti apá kan wálẹ̀ dé ibi ojú ẹni tó jókòó, ó fi ti apá kejì sókè, kí afẹ́fẹ́ tútù lè wọlé nísàlẹ̀, kí ooru sì wá ọ̀nà jáde lókè.

Bíríkìlà tó fẹ́ kọ́ ilé náà wá wò ó lójú kọ̀ǹpútà, ó mi orí. Ó ní òun ò rí fèrèsé tó wálẹ̀ báyìí rí, ta ló fẹ́ máa wo ìta láti ibẹ̀?

"Ẹni tó ni ilé," Ẹlẹ́ńjìnnì dá a lóhùn.

Gbogbo àwa tó sún mọ́ ọn rọ̀ ọ́ pé kó tẹ àwòrán náà sórí bébà. Ó ní ó ku díẹ̀. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ni lónìí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹnu ọ̀nà ni lọ́la. Agídí rẹ̀ tó ń pa wá lẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá lẹ́rù, nítorí ó ti ń rù, ó sì ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tán. Kọ̀ǹpútà á kú, òun náà á fi ẹ̀yìn ti àga. Àwọn méjèèjì á sinmi, wọn á tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ni ó lọ. Ìyá Ìbejì wà ní ilé ìdáná, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ń gbọ́ fáànù láti pálọ̀, nítorí náà ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ọkọ òun ń ṣiṣẹ́. Fáànù ké, ó ké, ó sì dákẹ́ lójijì. Kọ̀ǹpútà ti kú. Ìyá Ìbejì ń retí "Ìwọ náà!" Kò gbọ́ ọ. Ó dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀wà, ó tún retí díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló rọra gbé àwo sílẹ̀, ó bọ́ sí pálọ̀, ó sì mọ̀ kó tó dé ìdí àga.

Ẹni tó bá ti pàdánù irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ló mọ bí ilé ṣe máa ń dákẹ́. Ó dùn wá gan-an. Nígbà tí ìsìnkú parí, a jókòó sí pálọ̀, Aránṣọ wà láàárín wa níbi tí wọ́n gbé e sí. Kò béèrè ilé. Ọ̀gá ọ́fíìsì ló béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, pé àwòrán yẹn ńkọ́? Kò sí lórí bébà. Wọ́n ti gbìyànjú láti ṣí i lórí àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, kò ṣí. Inú àgbà kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló wà.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Onígíláàsì. Ó yẹ kọ̀ǹpútà náà wò, kò sì fi ahọ́n mímú sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní yóò jí, ṣùgbọ́n fáànù rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwòrán ńlá bẹ́ẹ̀ á pẹ́ kí ó tó jáde tán, bí kọ̀ǹpútà bá sì fi ooru kú láàárín iṣẹ́, òun ò lè ṣèlérí pé á tún jí. Láti àárọ̀ ni iná mànàmáná ti lọ. Bátìrì ńlá tí ọ̀gá gbé wá lè gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà, kò lè gbé fáànù inú ilé kún un. Onígíláàsì ní ká dúró de iná. Ọ̀gá ní ká dúró. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí iná máa dé.

"Ẹ gbé mi sún mọ́ ọn," Aránṣọ sọ. "Ẹ fún mi ní abẹ̀bẹ̀."

A gbé e sídìí tábìlì. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lé orí ife, wọ́n tàn án. Bí fáànù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké ni Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ abẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó ti ń yí ẹ̀rọ láti ọdún yìí wá, kì í tètè rẹ̀. Ìyá Ìbejì mú páálí, ó bọ́ sí apá kejì. Ọ̀gá ọ́fíìsì kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ ọ̀fọ̀, ó ń fi fáìlì fẹ́ ẹ. Bébà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìyá ìkókó gòkè wá, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká, ó ń fi ìborí fẹ́ ẹ, ọmọ náà sì ti sùn kí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tó hàn lórí bébà.

Ibẹ̀ ni bàbá onílé wọlé bá wa, tó wá kí wa kú ara fẹ́ra kù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àwọn ọlọ́fọ̀ tí wọ́n pagbo yí kọ̀ǹpútà ká, tí wọ́n ń fẹ́ ẹ, tí òógùn ń bọ́ lójú wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe?"

"À ń fẹ́ ẹ ni, bàbá," Ìyá Ìbejì sọ láìwẹ̀yìn.

Bàbá onílé kò béèrè kí ló dé. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó wá àyè láàárín wa, ó sì ń fi fìlà fẹ́. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. A ò mọ ẹni tó jẹ́, ṣùgbọ́n ó ran gbogbo wa, a rẹ́rìn-ín débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti fẹ́ ẹ, Aránṣọ sì ń kìlọ̀ fún wa pé ká máa fẹ́, ká má rẹ́rìn-ín, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Gbogbo wa rí i bí bébà ìkẹyìn ṣe jáde, tí ilé náà pé, láti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé tó wálẹ̀.

Kọ̀ǹpútà náà kò kú. Ó ń ké lọ ni, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa pa á. Ìyá Ìbejì ló na ọwọ́ nígbẹ̀yìn, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé ọwọ́ lé e lórí títí ó fi tutù.

Bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí òjò dá. Àwọn ìbejì wá, wọ́n gbé bíríkì pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì ń wá wọn ògiri fúnra rẹ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n yí ohunkóhun padà, àní fèrèsé tí bíríkìlà ṣì ń mi orí sí.

Lọ́jọ́ tí ilé parí, gbogbo wa dúró síta. Aránṣọ ti àga rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì dúró. Ó ti mọ́ bíríkìlà lára láti máa ran ènìyàn lọ́wọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀, ó na apá méjèèjì láti gbé e. Aránṣọ wò ó. Bíríkìlà kó apá rẹ̀ padà, ó fi wọ́n sẹ́yìn. Aránṣọ wá di táyà mú, ó ti ara rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tó ọwọ́ ilẹ̀kùn láìnà. Ó ṣí i, ó wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ wa níta.

A dúró. A ò gbọ́ ohunkóhun. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn, Ìyá Ìbejì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó fi í sílẹ̀. Oòrùn ń mú wa lórí, kò sì sí ẹni tó ṣí lọ.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Aránṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti tún ìborí rẹ̀ ṣe. Ó wò wá bí ẹni tó rí àlejò tí kò retí, tí inú rẹ̀ sì dùn sí wọn.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó."

A wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kí wa káàbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.